Owó Lọ́wọ́ Onídán: Ọ̀rọ̀ lórí Ìmọ̀-ọ́n-ṣe, Ẹ̀tàn àti Ìgbàgbọ́ ní Èkó

 Mo júbà gbogbo àwọn àgbà tí wọ́n ti dúró sọ̀rọ̀ níhìn-ín ṣáájú mi. Kí ọ̀nà tí wọ́n là má ṣe dí mọ́ wa lẹ́sẹ̀.

Ìfáárà

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ lítíréṣọ̀, pé idán tí a ń fi owó onírin pa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ó wò mí lójú, ó ní, "Ṣé ewì ti tán nílẹ̀ ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà tọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ ni Ẹ̀ka wa ń kọ́ ènìyàn. Onídán olówó kì í kọ nǹkan sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àwàdà lọ. Kí ni ó wá kan akẹ́kọ̀ọ́ ewì nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí ń fi ṣílè pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́?

Ìdáhùn mi pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé idán owó jẹ́ ìtàn tí a ń fi ọwọ́ sọ. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀, ó sì ní òpin tí ń ya òǹwòran lẹ́nu. Èkejì ni ó wúwo jù. Ní ìlú tí a wà yìí, àwọn kan wà tí wọ́n ń pa irú idán yìí kan náà, tí wọn kò sì pè é ní idán. Wọ́n ń pè é ní agbára. Àwọn ọmọ wa ń wò ó, wọ́n ń gbà á gbọ́, wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ pàdánù owó. Ẹlòmíràn ti tìtorí rẹ̀ pa ènìyàn. Bí àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíka àmì àti ìtumọ̀ kò bá kọ́ wọn bí a ṣe ń ka irú àmì bẹ́ẹ̀, èmi kò mọ ẹni tí yóò kọ́ wọn.

Kí ni à ń pè ní idán?

Ọ̀rọ̀ náà idán kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo ní èdè Yorùbá. Nígbà tí a bá ní ẹnìkan pidán, a lè máa sọ pé ó fi ọwọ́ yíyá ṣe ohun tí ojú kò tètè rí. A sì lè máa sọ pé ó lo oògùn tàbí ọfọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn eégún aláré, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní eégún apidán, ìtumọ̀ kẹta wà: ọ̀kọ̀ọ̀kan eré kéékèèké tí wọ́n ń ṣe lójú agbo ni idán. Òjòlá jẹ́ idán, ọ̀nì jẹ́ idán, ọ̀mùtí jẹ́ idán, òyìnbó pàápàá jẹ́ idán. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí dáadáa. Èdè wa fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ohun ìyanu àti eré oníṣe. Kí ènìyàn di ẹlòmíràn lójú wa, kí a sì mọ̀ pé kò kúrò ní ẹni tí ó jẹ́, ìyanu ni àwọn baba wa ka ìyẹn sí.

Ẹ̀rí ìgbà àtijọ́ wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1826, Hugh Clapperton, ará Scotland, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin sì mú kí àwọn òṣèré wá ṣeré níwájú rẹ̀. Nínú ìwé ìrìn-àjò Clapperton tí a tẹ̀ ní 1829, lẹ́yìn ikú rẹ̀, a kà nípa àwọn tí wọ́n jó tí wọ́n sì ta kìtì nínú àpò, a kà nípa òjòlá ńlá kan tí ó jáde sí agbo, a sì kà nípa òyìnbó kan tí ó funfun bí ẹfun, tí ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gún lẹ́sẹ̀. Àwọn òǹwòran ń wo òyìnbó ti eré, wọ́n ń wo òyìnbó tí ó jókòó, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Joel Adédèjì gbé ìtàn eré yìí yẹ̀wò nínú iṣẹ́ ìwádìí ńlá tí ó fi gba oyè dókítà ní Ìbàdàn ní 1969, lórí tíátà aláàrìnjó.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ àwọn apidán tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí pé a ó tún padà bá a pàdé. Aṣọ wọn máa ń ní ojú méjì. Nígbà tí eégún bá ń yí bìrí lójú agbo, ó lè yí inú aṣọ rẹ̀ síta, kí àwọ̀ mìíràn yọ, kí ohun tí ó jẹ́ ènìyàn di ẹranko. Iṣẹ́ aránṣọ wà níbẹ̀, iṣẹ́ ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, ìlù sì wà níbẹ̀ tí ń sọ fún òǹwòran ìgbà tí yóò la ojú rẹ̀ àti ibi tí yóò wò. Mímọ̀ tí a mọ èyí kò bu ọlá eégún kù. Ó tilẹ̀ fi kún ọ̀wọ̀ tí mo ní fún wọn.

Ohun èlò onídán olówó

Ẹ jẹ́ kí a fi agbo ńlá sílẹ̀ wá sí orí tábìlì kékeré. Idán owó onírin tí a ń pa nítòsí, tí òǹwòran jókòó tí ó lè na ọwọ́ kan onídán, ti di ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Thomas Nelson Downs, ará Amẹ́ríkà tí ó gbé ayé láti 1867 sí 1938, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí atẹ wáyà ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kí ó tó di ẹni tí a ń pè ní ọba owó onírin lórí ìtàgé. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1900. Ní 1952, J. B. Bobo tẹ ìwé Modern Coin Magic jáde, títí di òní, ìwé náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ ń kà. Nítorí náà, kò sí awo kankan tí mo ń tú níhìn-ín tí kò ti wà nínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́, èmi kò sì fẹ́ ba oúnjẹ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà ni àtẹ́lẹwọ́. Onídán yóò fi owó sí àárín ọwọ́, ẹran ìdí àtàǹpàkò ní apá kan àti ẹran ìhà kejì ọwọ́ yóò sì fún un mọ́ra díẹ̀. Bí a bá yí ọwọ́ náà dojú bolẹ̀, owó kò ní í já bọ́. Gbogbo wa lè ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí ń gba ọdún púpọ̀ ni pé kí ọwọ́ tí ó di nǹkan mú má ṣe jọ ọwọ́ tí ó di nǹkan mú: kí ó lè mú gègé, kí ó lè tọ́ka sí ènìyàn, kí ó sinmi lórí tábìlì bí ọwọ́ ẹni tí kò ní nǹkan kan láti fi pamọ́.

Lẹ́yìn ọwọ́ ni ohun èlò. Mo fẹ́ dárúkọ mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tí èmi yóò pè ní owó oníkarahun. A ó gbẹ́ inú owó kan jáde, a ó fi ojú rẹ̀ kan àti etí rẹ̀ sílẹ̀, bí ìgbà tí a bá yọ ẹran ìgbín tí ìkarahun kù. A ó fẹ ìkarahun náà díẹ̀ kí ojúlówó owó lè wọ inú rẹ̀. Bí ojú bá rí owó mẹ́rin lórí tábìlì, mẹ́ta péré lè jẹ́ owó, kí ẹ̀kẹrin jẹ́ ìkarahun. Bí ìkarahun bá bo ọ̀kan nínú mẹ́ta náà mọ́lẹ̀, owó kan ti rìn lọ nìyẹn. Ìkejì ni àpótí kékeré kan tí ó rí roboto, tí kò ju kí ó gba owó díẹ̀ lọ, tí a fi ń rántí Okito. Theodore Bamberg ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ ìdílé onídán ní ilẹ̀ Holland, tí ó gbé ayé láti 1875 sí 1963. Ìdérí àpótí yìí bá òkè rẹ̀ mu, ó sì bá ìdí rẹ̀ mu. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ ohun gbogbo, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò fi ojú ara rẹ̀ jẹ́rìí pé owó wà nínú àpótí tí a dé.

Ìkẹta ni owó olójú méjì, òun ni ó sì dùn mọ́ mi jù nítorí ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1584, Reginald Scot, ará Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní The Discoverie of Witchcraft. Ní ayé ìgbà náà, wọ́n ń fẹ̀sùn àjẹ́ kan àwọn arúgbó àti àwọn aláìní, wọ́n sì ń so wọ́n kọ́. Scot kò fara mọ́ ọn. Lára ohun tí ó fi gbe àríyànjiyàn rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ni pé ó jókòó, ó sì ṣàlàyé bí àwọn onídán ṣe ń ṣe iṣẹ́ wọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe ń lọ ojú kan owó fádákà títí yóò fi fẹ́lẹ́, tí a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì tí kì í ṣe irú rẹ̀, kí ohun kan ṣoṣo lè jẹ́ fádákà ní iwájú, kí ó sì jẹ́ nǹkan mìíràn ní ẹ̀yìn. Aṣọ olójú méjì tí apidán ń yí lójú agbo, owó olójú méjì tí onídán ń yí lórí ìka, ọgbọ́n kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìdí tí Scot fi kọ ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ kí a má baà pa ènìyàn nítorí ohun tí ojú rò pé òun rí.

Kí a tó kúrò lórí ohun èlò, mo fẹ́ sọ pé ohun èlò kì í dá pidán. Gángan kì í dá sọ̀rọ̀ bí kò sí lábẹ́ abíyá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lù. Ìkarahun owó lọ́wọ́ òpè yóò ró gbọ̀ọ́ bí agolo, gbogbo ènìyàn yóò sì mọ̀. Onídán rere a máa fi ojú rẹ̀ darí ojú wa, nítorí pé ibi tí ẹlòmíràn bá ń wò ni ojú ènìyàn ń sáré lọ. Bí ó bá wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni tí ó gbàgbọ́ pé owó wà níbẹ̀, àwa náà yóò gbàgbọ́. Ó ń dánu dúró bí akéwì ṣe ń dánu dúró. Ó ń fi àwàdà bo ìṣẹ́jú àáyá tí iṣẹ́ gan-an ń lọ lọ́wọ́. Ìmọ̀ ewì nìyí, kódà bí kò bá sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Owó tí a mọ̀ dunjú

Idán owó kò lè ya ènìyàn lẹ́nu àfi bí ènìyàn bá mọ owó náà. A kò lè ṣe ìyanu lórí ohun tí a kò mọ ìwà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí rèé tí ìtàn owó wa fi kan ọ̀rọ̀ yìí.

Owó ẹyọ ni a kọ́kọ́ ná, òun náà ní ojú àti ẹ̀yìn, a sì lè fi bò mọ́lẹ̀ nínú ọwọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ owó sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1912, a di ẹni tí ń ná owó onírin wọn: ọ̀nínì, ẹ̀ẹ́pìnnì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè. Kọ́bọ̀ àtijọ́ ní ihò láàárín, ènìyàn lè fi okùn sín in. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí Nàìjíríà ní owó onírin tirẹ̀ ní 1959. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, náírà dé, kọ́bọ̀ tuntun sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí pé náírà 2 ni a fi pààrọ̀ pọ́ùn kan, àwọn ìyá wa kò dẹ́kun pípe kọ́bọ̀ 10 ní ṣílè àti kọ́bọ̀ 5 ní sísì. Mo dàgbà sí Muṣin ní àkókò náà. Àwọn onídán máa ń wá sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, a ó san kọ́bọ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò sì yọ irú kọ́bọ̀ kan náà jáde láti etí ẹni tí ó jókòó níwájú. A mọ bí kọ́bọ̀ 10 ṣe wúwo tó, a mọ bí ó ṣe ń ró lórí sìmẹ́ńtì, a mọ ohun tí ó lè rà. Èyí ni ó jẹ́ kí ẹnu yà wá.

Lónìí, owó onírin ti kúrò lọ́wọ́ wa. Báńkì Àpapọ̀ tún ṣe owó onírin jáde ní 1991, ó sì tún ṣe kọ́bọ̀ 50, náírà 1 àti náírà 2 ní 2007, ṣùgbọ́n ọjà kò gbà wọ́n. Nínú ọjà Yábàá tàbí ní Ojúẹlẹ́gba, bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò bá ní ṣẹ́ńjì, yóò so ènìyàn méjì pọ̀ fún owó oníwèé kan, kì í ṣe pé yóò wá owó onírin. Mo wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ ni, tí ó pidán fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àkọkà pẹ̀lú owó onírin Amẹ́ríkà, ìdajì dọ́là, èyí tí àwọn onídán ilẹ̀ náà fẹ́ràn nítorí títóbi rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Owó náà wọlẹ̀, ó tún yọ. Nígbà tí ó parí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, èló ni eléyìí ní owó wa?" Idán ti kọjá lọ láìsí ẹni tí ó rí i. Wọn kò mọ owó náà, nítorí náà wọn kò lè mọ̀ ìgbà tí ó ṣe ohun tí owó kì í ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn kí ó lo tiwa. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka bíba owó wa jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, ìbáà jẹ́ onírin, ìbáà jẹ́ oníwèé. Ẹni tí ó bá gbẹ́ inú náírà jáde láti fi ṣe ìkarahun ń fi ara rẹ̀ sínú ewu. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ nípa ayé wa ti wá di iṣẹ́ tí ń fi owó àjèjì sọ̀rọ̀.

Ààlọ́, irọ́ àti idán

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi fìdí múlẹ̀ sí wàyí. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín onídán àti òpùrọ́? Àwọn méjèèjì ń mú kí a gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Ìdáhùn wà nínú ààlọ́ tí gbogbo wa gbọ́ ní kékeré. Kí apààlọ́ tó bẹ̀rẹ̀, yóò ké sí wa, àwa náà yóò sì dá a lóhùn. Ìpè àti ìdáhùn yẹn jẹ́ àdéhùn. Ó ń sọ fún wa pé ní báyìí, ìjàpá yóò sọ̀rọ̀, igi yóò rìn, kò sì sí ẹni tí yóò lọ bá ìjàpá nínú igbó láti béèrè gbèsè. Nígbà tí ààlọ́ bá parí, apààlọ́ yóò fi ẹnu rẹ̀ dún bí agogo láti jẹ́rìí ara rẹ̀, àwa yóò sì rẹ́rìn-ín, nítorí a mọ irú òtítọ́ tí ń jẹ́rìí sí. Ẹni tí ó bá sọ ìtàn kan náà láìpe ààlọ́, tí ó sì ní kí a mú owó wá nítorí rẹ̀, kò pa ààlọ́ fún wa. Ó lù wá ní jìbìtì.

Bákan náà ni onídán. Nígbà tí ó bá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, tí ó ní kí a wo ọwọ́ òun dáadáa, ó ti pe ààlọ́ tirẹ̀. Ó ti sọ fún wa pé òun yóò tàn wá jẹ, ó sì ṣe bí ó ti wí. Mo lè sọ láìbẹ̀rù pé ó wà lára àwọn olóòótọ́ jùlọ nínú gbogbo oníṣẹ́ ìlú yìí.

Ẹ jẹ́ kí n rántí ọ̀kan nínú wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ké "Professor!" ní àdúgbò wa ní ìgbà èwe mi, kì í ṣe olùkọ́ yunifásítì kankan ni ó ń wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni ọmọdé mọ̀, òun ni Professor Peller. Ìsẹ́yìn ni a ti bí i ní 1941. Ó ti ń pidán káàkiri láti ìgbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ní 1964 ó rìnrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Íńdíà, ó sì lo oṣù 18 ní ilé ẹ̀kọ́ idán. Ní 1966, ó ṣeré ní Federal Palace Hotel ní Èkó, orúkọ rẹ̀ sì kàn káàkiri Áfíríkà lẹ́yìn náà. Idán ńlá orí ìtàgé ni ó fi lókìkí, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tí a mọ̀ sí Lady Peller. Àwa ọmọdé Muṣin máa ń bá ara wa jiyàn pé oògùn ni, a sì ń ka orúkọ àwọn oògùn náà bí ẹni tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sè wọ́n. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé ọkùnrin náà jókòó sí kíláàsì. Ní 1997, àwọn agbébọn pa á ní Onípáànù, kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ, ilé ìkàwé kan ni ó jóná. Ìbéèrè mi fún Ẹ̀ka wa àti fún àwọn ẹ̀ka eré oníṣe ni pé ìwé mélòó ni a kọ lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè?

Láti ọwọ́ onídán dé ọwọ́ gbájúẹ̀

Downs tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní eré kan tí a lè pe orúkọ rẹ̀ ní Àlá Ahun. Yóò na ọwọ́ sí ojú òfúrufú, owó onírin yóò yọ ní ìka rẹ̀, yóò jù ú sínú fìlà. Yóò tún na ọwọ́, òmíràn yóò yọ. Àwọn òǹwòran ń gbọ́ bí owó ti ń ró ṣin ṣin nínú fìlà, etí wọn sì ń bá wọn kà á. Owó tí ń yọ ní ìka náà lè jẹ́ ọ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn èèyàn London àti ti Amẹ́ríkà pàtẹ́wọ́, wọ́n sì lọ sílé. Kò sí ẹni tí ó pa ọmọ rẹ̀ kí fìlà tirẹ̀ lè kún.

Ẹ wo eré kan náà ní ìlú wa. Ọkùnrin kan jókòó níwájú ìkòkò, ó fi aṣọ pupa bò ó, ó sí aṣọ náà kúrò, owó oníwèé kún inú ìkòkò. Ẹnìkan ń ya fíìmù rẹ̀, fíìmù náà sì dé orí fóònù ọmọ ọdún 17. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, èyí rọrùn ju ohun tí Downs ṣe lọ, nítorí pé ẹni tí ń ya fíìmù lè dáwọ́ dúró kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó pe ààlọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ọlọ́pàá mú àwọn ọ̀dọ́ kan ní Abẹ́òkúta lórí ikú ọmọbìnrin kan tí wọ́n fẹ́ fi ṣe oògùn owó, ọ̀kan nínú wọn sì sọ pé orí Facebook ni òun ti kọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá ké sí ìjọba àpapọ̀ pé kí ó kéde pàjáwìrì lórí irú ìpànìyàn bẹ́ẹ̀.

Òfin kò sùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Òfin tí ó de jìbìtì owó ní ọdún 2006 dárúkọ ẹni tí ó bá sọ pé òun lè fọ bébà di owó, tàbí pé òun lè sọ owó di ìlọ́po méjì, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú sáyẹ́ǹsì, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú oògùn. Ṣùgbọ́n òfin máa ń dé lẹ́yìn tí owó ti lọ. Ojú tí a kọ́ ni ó lè ṣáájú gbájúẹ̀ débẹ̀.

Idán owó náà kò sì dúró sí ibi ìkòkò. Lónìí, tí owó ti di nọ́ńbà lórí fóònù, gbájúẹ̀ ń fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú ra ọjà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ní Tejúoṣó. Fóònù dún, nọ́ńbà yọ, ọjà lọ, kò sì sí owó kankan ní báńkì. Owó olójú méjì ti Scot ni: iwájú rẹ̀ jẹ́ fádákà, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dìde bi mí pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń sọ pé kò sí oògùn ni?" Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí mo wá sọ. Ohun tí mo ń sọ kéré ju ìyẹn lọ, ó sì dájú ju ìyẹn lọ. Ohun tí ojú wa rí tí ó jọ iṣẹ́ agbára lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Nítorí náà, rírí nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹni tí ó ti wo onídán tòótọ́ nítòsí, tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí owó mẹ́rin níbi tí mẹ́ta wà, kò ní í tún sọ pé, "Mo fi ojú mi rí i," kí ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àwọn ẹlòmíràn yóò sọ pé bí a bá kọ́ ọmọ ní idán, a ti kọ́ ọ ní jìbìtì. Mo gba ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò, nítorí pé ọwọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí ayédèrú lẹ́tà kí a má kọ́ ọmọ ní ìwé kíkọ. Ẹni tí ó kọ́ ìwé ni ó tètè ń mọ lẹ́tà tí kì í ṣe òótọ́. Gbájúẹ̀ kò nílò ilé ẹ̀kọ́ wa, ó ti ní tirẹ̀. Àwọn tí a ń fi sílẹ̀ láìkọ́ ni àwọn tí ó ń jẹ lára wọn.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Mo fẹ́ dá àbá mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí Ẹ̀ka wa àti àwọn ẹ̀ka eré oníṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn onídán tí wọ́n ṣì wà láàyè, ti agbo eégún àti ti ìtàgé, ní Èkó, ní Ìsẹ́yìn àti ní ibi gbogbo tí wọ́n bá wà. Kí a gbà á pẹ̀lú àṣẹ wọn, kí a sì bọ̀wọ̀ fún ohun tí wọ́n bá ní kí a má tẹ̀ jáde. A ti gba oríkì, a ti gba ìjálá, a ti gba ẹsẹ̀ Ifá sílẹ̀. Ìmọ̀ ọwọ́ kù.

Èkejì, nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìtàn àròsọ, kí a fi idán sí ẹ̀gbẹ́ ààlọ́ kí wọ́n lè rí àdéhùn tí ó wà láàárín asọ̀tàn àti olùgbọ́, kí wọ́n sì mọ ìgbà tí a bá já àdéhùn náà. Wákàtí méjì tó fún un nínú sáà ẹ̀kọ́ kan.

Ẹ̀kẹta, kí a mú onídán padà sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Kí ó pidán, kí ó yọ owó ní etí ọmọ, kí ó sì sọ fún wọn ní òpin rẹ̀ pé, "Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é." Kò di dandan kí ó sọ bí ó ti ṣe é. Gbólóhùn kan yẹn tó. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ ní ọmọ ọdún 10 yóò ní ohun tí yóò rántí ní ọmọ ọdún 17, nígbà tí fíìmù ìkòkò bá dé orí fóònù rẹ̀.

Alága, ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì, àwọn baba wa pe eré ní idán, wọ́n sì mọ̀ pé eré ni. Mímọ̀ yẹn kò dín ayọ̀ wọn kù, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òjòlá inú agbo gba owó lọ́wọ́ wọn. Irú ojú bẹ́ẹ̀, tí ó lè yà sí ohun ìyanu láìsọ ọgbọ́n nù, ni mo bẹ̀ yín pé kí a tún kọ́ àwọn ọmọ wa láti ní.